Ti ológbò ni àbí ti ehoro? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí egungun àwọn ẹran ajẹran kéékèèké tí wọ́n ń hú nínú ilẹ̀

Egungun tí mò ń sọ níbí ni ti ológbò, ajá kékeré, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹtà àti àwọn ẹbí wọn, èyí tí àwọn tó ń walẹ̀ wádìí ìtàn máa ń bá pàdé nínú ààtàn àtijọ́, nínú kànga tó ti gbẹ, nínú sàréè àti nínú ihò àpáta. Wọn kì í pọ̀. Nínú ọ̀rá tó kún fún egungun màlúù àti ewúrẹ́, ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré la máa rí, ẹyọ kan yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń fún lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lórí wọn ni mo kó jọ síbí.

Kí ló dé tí ẹ fi ń pẹ́ lórí egungun ológbò kan nígbà tí ti màlúù kún ilẹ̀?

Egungun màlúù àti ti ewúrẹ́ ń sọ ohun tí àwọn èèyàn jẹ fún wa. Ti ológbò ń sọ nǹkan mìíràn: ọkà tí wọ́n kó pamọ́, eku tó ń jẹ ọkà náà, awọ tí wọ́n ń tà, ẹran tí wọ́n fẹ́ràn débi pé wọ́n sin ín. Ní erékùṣù Kípírọ́sì, níbi tí wọ́n ń pè ní Shillourokambos, Jean-Denis Vigne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 2004 pé àwọn rí ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò sì ju nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìsìnkú náà ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún. Ológbò náà ò ju ọmọ oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lọ. Ológbò kì í ṣe ẹran ìbílẹ̀ erékùṣù yẹn. Àfi kí ẹnì kan ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e débẹ̀. Ká ní ẹni tó hú u sáré kọ "ehoro" sára ọ̀rá ni, ìtàn yẹn ì bá ti sọnù.

Mo ní egungun kékeré kan lọ́wọ́ báyìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ẹran. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú egungun tó jẹ́: ṣé ti apá ni, ti itan ni, ti ojúgun ni? Ti ọ̀tún ni àbí ti òsì? Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì bóyá wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara egungun dáadáa. Orí egungun ọmọ ẹran kì í tíì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó máa ń já bọ́ nínú ilẹ̀, ibi tó ti já á sì rí hágahàga. Ajá ńlá tó ṣì jẹ́ ọmọ lè ní egungun tó tó ti ológbò tó ti dàgbà, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìwọ̀n nìkan dá a mọ̀, ẹ ṣọ́ra.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá yọ ehoro kúrò níbẹ̀. Ehoro ló ń tan èèyàn jù, torí ìwọ̀n egungun rẹ̀ àti ti ológbò sún mọ́ra. Egungun itan ehoro ní kókó kan tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ òde, nísàlẹ̀ orí rẹ̀ díẹ̀. Ti ológbò àti ti ajá ò ní in. Ní ojúgun, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ehoro ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá láti nǹkan bí àárín lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n lára ẹran ajẹran, ọ̀tọ̀ ni tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà. Tó bá jẹ́ agbárí lẹ rí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ imú: ti ehoro lu káàkiri bí asẹ́. Ehoro ò sì ní eyín ṣóṣóró rárá. Àlàfo gbalasa ló wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ti ológbò yàtọ̀ sí ti ajá?

Egungun apá òkè ni mo fẹ́ràn jù fún èyí, èyí tó wà láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Ẹ di orí tó wà níbi ìgbọ̀nwọ́ mú, kí ẹ gbé e kọjú sí iná. Bó bá jẹ́ ti ológbò, ẹ máa rí ihò tóóró kan ní ẹ̀gbẹ́ inú, lókè oríkèé díẹ̀, tí egungun tín-ín-rín kan dábùú lé lórí. Abẹ́ rẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá apá ń gbà kọjá nígbà tí ẹran náà wà láàyè. Ajá ò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pàápàá ò ní in. Ní ti ọ̀pọ̀ ajá, ihò tiwọn wà láàárín gbùngbùn, lókè oríkèé gan-an, ó sì lu já láti iwájú dé ẹ̀yìn, débi pé ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ iná láti òdìkejì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé egungun tín-ín-rín tó dábùú yẹn máa ń ṣẹ́ nínú ilẹ̀. Ẹni tí kò fara balẹ̀ á ní kò sí ihò, á sì kọ "ajá kékeré" sílẹ̀. Ẹ fi ìka tọ etí ẹ̀gbẹ́ inú egungun náà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti ṣẹ́ ni, ọwọ́ yín á kan ṣóńṣó méjì tó kọjú síra, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á sì rí gbágungbàgun. Bí etí náà bá ń dán, tó lọ geerege láìsí ṣóńṣó kankan, kò ní i láti ilẹ̀ wá nìyẹn.

Ẹ má sì fi ihò kan ṣoṣo dájọ́. Badger, ẹran tó ń gbẹ́ ihò káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ní ihò ẹ̀gbẹ́ inú bíi ti ológbò, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ nípọn, ó sì fẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́. Ehoro náà ní ihò àárín bíi ti ajá. Àmì méjì tàbí mẹ́ta tó bára mu ló ń fún èèyàn láyà láti sọ̀rọ̀.

Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni mo ní, ṣùgbọ́n eyín ti yọ kúrò níbẹ̀. Ṣé ó ṣì wúlò?

Ó wúlò gan-an! Ẹ ka ihò tí eyín ti yọ. Ní ẹ̀yìn eyín ṣóṣóró, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ológbò ní eyín mẹ́ta péré, gbòǹgbò méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní, nítorí náà ihò mẹ́fà lẹ máa kà. Ajá ní eyín méje níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ní gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn márùn-ún tó kù ní méjì-méjì, ihò méjìlá lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ irú mongoose, ẹran ajẹran kékeré kan tó ń pa ejò, ní eyín mẹ́fà. Bí ẹ bá ka gbogbo eyín ẹnu pọ̀, lókè àti nísàlẹ̀, ológbò ní 30, ẹtà ní 40, ajá ní 42.

Bí eyín bá ṣì wà, ẹ wá èyí tó tóbi jù nínú àwọn ti ẹ̀yìn ẹnu, èyí tí wọ́n fi ń gé ẹran. Ti ológbò ní ojú ọ̀bẹ méjì tó pàdé ní àárín, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ti ajá ní ojú ọ̀bẹ níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú, ibẹ̀ ni ajá fi ń rún egungun, eyín kéékèèké méjì sì tún tẹ̀ lé e. Ẹran tó ń jẹ ẹran nìkan àti ẹran tó ń jẹ oríṣiríṣi, eyín kan yìí ló ń tú wọn fó.

Ajá arúgbó máa ń pàdánù eyín, ihò rẹ̀ á sì dí pátápátá nígbà tó ṣì wà láàyè. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kà.

Èékánná àti ìka ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ṣé a lè mọ nǹkan kan níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ológbò máa ń fa èékánná rẹ̀ pamọ́, egungun ìka rẹ̀ sì bá iṣẹ́ yẹn mu. Egungun ìka tó wà láàárín ò dọ́gba: ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ wọnú, kí èékánná lè rí ibi kó ara rẹ̀ sí. Ti ajá dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ti egungun orí ìka tí èékánná ń bò, ti ológbò ga, ó tẹ̀ kodoro, egungun mìíràn sì bo ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè tó wá ṣe pàtàkì jù ni èyí: ibo ni egungun ara tó kù wà? Ẹni tó bó ẹran nítorí awọ sábà máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lára awọ. Awọ á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é, á jẹrà tàbí kí wọ́n jù ú nù, egungun ẹsẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́kù. Nítorí náà, ìka ológbò láìsí itan, láìsí ẹ̀yìn, lè jẹ́ àmì òwò awọ. Ojú ọ̀bẹ náà ń jẹ́rìí: ẹ wá a ní etí ẹnu, ní iwájú orí, ní ìdí etí àti ní ọrùn ẹsẹ̀. Ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí egungun ológbò tó kéré tán 79 nínú kànga kan tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, ojú ọ̀bẹ sì wà lára wọn. Àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé wọ́n dú wọn ni, wọ́n bó awọ wọn, ó sì jọ pé wọ́n jẹ ẹran wọn. Egungun tó ti dákẹ́ láti bí 700 ọdún sọ gbogbo ìyẹn nítorí pé ẹnì kan fi sùúrù wo ojú ọ̀bẹ tí kò gùn ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Ajá kékeré àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ńkọ́?

Egungun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó sì tọ́. Eyín ṣóṣóró rẹ̀ gùn, ó rí tín-ín-rín ju ti ajá lọ. Ní iwájú orí, lókè ojú, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ wọnú díẹ̀, ti ajá wú síta. Bó bá jẹ́ àgékù ni ẹ ní, ẹ kọ "irú ajá, kékeré" kí ẹ dúró níbẹ̀.

Ṣé egungun lè sọ bóyá ológbò ilé ni tàbí ológbò igbó?

Ìbéèrè yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, òun náà ló sì ń wù mí jù láti dáhùn.

Ní ìlú Quanhucun ní ìpínlẹ̀ Shaanxi nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n rí egungun ológbò ní abúlé àwọn àgbẹ̀ kan tó ti tó nǹkan bí 5,300 ọdún. Ní 2013, ìwé ìwádìí kan jáde lórí wọn. Ohun tó wà nínú egungun náà fi hàn pé àwọn ológbò yìí ń jẹ ẹran kéékèèké tí wọ́n jẹ jéró àwọn àgbẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ti darúgbó. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí: eku ń jẹ ọkà, ológbò ń jẹ eku, àgbẹ̀ sì gba ológbò láàyè. Ìròyìn kárí ayé gbé e pé ológbò ilé ti wà ní Ṣáínà láyé ìgbà yẹn.

Vigne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá padà sórí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ láti Quanhucun àti àwọn ibòmíràn ní Shaanxi àti Henan. Wọn ò kàn wọn gígùn àti fífẹ̀. Wọ́n yan àwọn ojúkò káàkiri ara egungun náà, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà fi àpẹẹrẹ ìrísí rẹ̀ wé ti oríṣiríṣi ológbò tí a ti mọ̀. Ní 2016 wọ́n gbé èsì jáde: kì í ṣe irú ológbò tó wà nílé wa rárá. Leopard cat ni, ológbò igbó kan ní Éṣíà tí ara rẹ̀ ní àmì tótòtó, *Prionailurus bengalensis* lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Baba ńlá ológbò ilé ni ológbò igbó Áfíríkà àti ti agbègbè ìlà-oòrùn Mẹditaréníà, *Felis lybica*, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ìwádìí DNA tó jáde ní 2025 tún fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: leopard cat ló ń gbé nítòsí àwọn èèyàn ní Ṣáínà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ológbò ilé gan-an ò sì fara hàn níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ lẹ́yìn ikú Kírísítì.

Ẹ wò ó: gbogbo ohun tí ìwé 2013 sọ nípa oúnjẹ àwọn ẹran náà kò yí padà. Orúkọ ẹran nìkan ló yí, ìtàn ilẹ̀ ńlá kan sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó bá bá mi jókòó sídìí tábìlì egungun: ibi tí ẹ̀rí bá parí sí ni kí orúkọ parí sí. "Ẹran ajẹran, ìwọ̀n ológbò" jẹ́ ìdáhùn gidi. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi irinṣẹ́ tó dára ju tiwa lọ parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ "ológbò ilé" sílẹ̀, àwọn mìíràn á kà á sínú àtẹ, wọ́n á tò ó mọ́ ti ibòmíràn, kò sì sẹ́ni tó máa padà ṣí ọ̀rá yẹn mọ́.

Ní Áfíríkà ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí *Felis lybica* ṣì wà nínú igbó, ìwọ̀n rẹ̀ àti ti ológbò ilé sì wọnú ara wọn, wọ́n tún ń gun ara wọn.

Ṣé egungun lè fi hàn pé wọ́n tọ́jú ẹran náà?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Hierakonpolis ní Íjíbítì, wọ́n rí ológbò kan ní itẹ́ òkú tó ti tó nǹkan bí 5,700 ọdún. Irú tó ń gbé etí odò, *Felis chaus*, ni wọ́n pè é. Egungun apá òsì rẹ̀ àti itan ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, wọ́n sì ti ń so pọ̀. Ẹran igbó tí apá àti itan rẹ̀ ṣẹ́ kò lè ṣọdẹ. Àwọn olùwádìí sọ pé ó kéré tán, ó ti wà lọ́wọ́ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó sin ín.

Ní Berenike, èbúté kan ní etí Òkun Pupa, itẹ́ òkú ẹran kan wà láti ọ̀rúndún kìíní sí ìkejì lẹ́yìn ikú Kírísítì. Ẹran tó lé ní 500 ni wọ́n rí níbẹ̀, ológbò ló sì pọ̀ jù lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ tàbí irin wà lọ́rùn àwọn kan lára wọn. Wọ́n rọra tẹ́ wọn sílẹ̀ ni. Ó máa ń wú mi lórí gan-an.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ DNA wò?

Owó ni àkọ́kọ́. Èkejì, wọ́n máa gé tàbí lọ díẹ̀ lára egungun náà, ohun tí wọ́n bá sì lọ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń ba DNA jẹ́ kíákíá. Ọ̀nà mìíràn tó wà láti 2009 ni ZooMS, tó ń ka àmì inú collagen, èròjà tó ń gbé egungun ró. Díẹ̀ ló ń fẹ́, kò wọ́n tó DNA, ó sì lè ya ológbò kúrò lára ehoro láìsí àríyànjiyàn. Kò lè ya ajá kúrò lára ìkookò, nítorí ẹbí wọn sún mọ́ra jù. Ojú àti ọwọ́ ló ṣì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àwọn ló sì ń sọ egungun tó yẹ ká náwó lé lórí.

Ṣé a ń rí irú egungun bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Ó ṣọ̀wọ́n, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Òjò ń rọ̀ púpọ̀ ní igbó wa, ilẹ̀ á kan, ilẹ̀ kíkan sì ń jẹ egungun. Ìdí nìyẹn tí egungun èèyàn tí ẹgbẹ́ Thurstan Shaw rí ní ihò àpáta Ìwó Elérú ní 1965, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, fi jẹ́ ohun ńlá. Ibi tí eérú bá ti pọ̀, tàbí ìkarahun, egungun lè yè é. Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo ààtàn àti ìdí àdògán àtijọ́. Ẹ fi asẹ́ jọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí ojú asẹ́ náà má ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Eyín ológbò ń bọ́ láàárín ìka ẹni tó ń fi ọwọ́ nìkan ṣa egungun.

Bí a bá sì rí agbárí ajá, ọkàn ọmọ Yorùbá á lọ sọ́dọ̀ Ògún lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí egungun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣé ojú ọ̀bẹ wà ní egungun ọrùn? Ṣé irin wà nítòsí rẹ̀? Ṣé orí nìkan ni, àbí gbogbo ara? Ajá ń kú ikú ara rẹ̀ náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ lóòótọ́?

Àwọn ẹran yìí ń gbẹ́ ihò, wọ́n ń wọ inú ihò àpáta, wọ́n sì ń kú síbẹ̀. Bí egungun gbogbo ara bá wà lójú kan ní ìtò-ìtò, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn egungun tó yí i ká, tí yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì rọ̀, ẹ fura. Ìṣirò kábọ̀n, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti pẹ́ tó, lórí egungun náà gan-an ló ń parí ìjà, kì í ṣe lórí èédú tó wà nítòsí rẹ̀.

Mo fẹ́ kó egungun ẹran òde òní jọ kí n lè máa fi wé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wá ẹran tí ọkọ̀ pa, tàbí kí ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún ọdẹ kó lọ pa ẹran igbó fún yín. Òfin ń dáàbò bo púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì fọwọ́ kan ajá tí ẹ bá fura pé dìgbòlugi ló pa á. Ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ sínú omi lásán nínú ike tó ní ìdérí, jìnnà sí ilé, kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí ẹran á fi jẹrà kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí i, ó ń jẹ egungun. Ẹ di ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀ kí ẹ tó rẹ ẹ, ẹ kọ ọ̀tún tàbí òsì sí i, torí bí wọ́n bá ti dàpọ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Kí ẹ sì kọ akọ tàbí abo, ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀.

Wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ládùúgbò wa, egungun jáde pẹ̀lú àpáàdì. Ṣé fọ́tò tó?

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí òfin 1979 dá sílẹ̀, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀-wádìí-ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí egungun náà bá jọ ti èèyàn, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó bá ṣẹ́. Ẹ kọ ibi tó ti jáde àti bó ṣe jìn tó sára ọ̀rá, pẹ̀lú bírò tí omi ò lè pa rẹ́. Ní ti fọ́tò, ẹ gbé egungun sórí aṣọ dúdú, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, kí ẹ sì ya iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti orí méjèèjì. Orí egungun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti yà, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wà.